Alága Tí Kò Lówó Lápò: Rótìmí Fani-Káyọ̀dé àti Àwọn Tó Darí Ẹgbẹ́ Autograph ní Brixton

Tí wọ́n bá ní ká dárúkọ ibi tí àwọn Yorùbá wà ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, Peckham la máa kọ́kọ́ dá. Kò yani lẹ́nu. Ẹni tó bá ti rìn ní Rye Lane lọ́jọ́ Sátidé, tó rí iṣu, ẹran ewúrẹ́ àti ata rodo, tó gbọ́ bí àwọn ìyá ṣe ń ná ọjà, á fẹ́rẹ̀ẹ́ rò pé Ìbàdàn lòun wà. Brixton ńkọ́? Ti àwọn ará Jàmáíkà nìyẹn, bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ń sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló máa gbé èèyàn láti ìkan dé èkejì. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ títí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà tí àwọn èèyàn dúdú dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé ẹgbẹ́ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Brixton ní 1988, Association of Black Photographers, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Autograph. Mo wá wo orúkọ alága wọn àkọ́kọ́. Rótìmí Fani-Káyọ̀dé. Ọmọ Ifẹ̀! Ọmọ Ifẹ̀ ló jókòó sórí àga ní Brixton, àwa ń wá Yorùbá kiri ní Peckham.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé kí n sọ fún yín irú èèyàn tí àwọn tó darí ẹgbẹ́ yìí jẹ́, bí àga ṣe kàn wọ́n, àti ohun tí wọ́n fi àga náà ṣe. Èrò kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi yẹ̀ wò. Ó jọ lójú mi pé àwọn tí wọn ò rí àyè jókòó níbòmíràn ni ẹgbẹ́ yìí fi ṣe olórí, àti pé ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kó parẹ́ bí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ mìíràn ìgbà náà ṣe parẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú ẹgbẹ́ tí à ń sọ. Kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́, kì í sì í ṣe ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò tí èèyàn ti ń ya pásípọ́ọ̀tù. Ẹgbẹ́ alágbàwí ni. Bí ẹjọ́ bá wà láàfin, tí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ò lè dé iwájú ọba, ó ní láti wá ẹni tó máa bá a sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ààfin tí à ń wí nínú ìtàn yìí ni Arts Council tó ń pín owó ìjọba fún iṣẹ́ ọnà, àwọn mùsíọ́mù ńlá, àwọn ilé ìwé ìròyìn, àti àwọn tó ń tẹ ìwé. Àwọn onífọ́tò dúdú wà nílùú, wọ́n ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu wọn ò tó ibẹ̀.

Ẹjọ́ náà ti pẹ́. Ní 1976, obìnrin kan tó ń jẹ́ Naseem Khan ṣe ìwádìí kan fún Arts Council, Gulbenkian Foundation àti Community Relations Commission. Ó pe ìwé tó ti inú rẹ̀ jáde ní The Arts Britain Ignores, ìyẹn ni pé, iṣẹ́ ọnà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò kà sí. Àkọlé yẹn nìkan tó ìwàásù. Láti inú ìwádìí náà ni Khan ti dá àjọ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní MAAS, tó ń gba àwọn oníṣẹ́ ọnà tó wá láti Áfíríkà, Karibíánì àti Éṣíà nímọ̀ràn. Ìyẹn ni alágbàwí tí a lè pè ní ẹ̀gbọ́n Autograph.

Lẹ́yìn náà ni 1981 dé. Ní oṣù kìíní ọdún náà, iná jó ilé kan ní New Cross níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń ṣe ọjọ́ ìbí, ọmọ dúdú mẹ́tàlá sì kú sínú rẹ̀. Láti ọjọ́ kẹwàá sí ìkejìlá oṣù kẹrin, Brixton fúnra rẹ̀ gbiná, àwọn ọ̀dọ́ àti ọlọ́pàá kọlu ara wọn ní Railton Road àti Atlantic Road. Ìjọba gbé adájọ́ Scarman dìde láti ṣèwádìí. Ní ọdún kan náà ni Ken Livingstone di olórí ìjọba ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ìyẹn GLC, owó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde fún iṣẹ́ ọnà àwọn èèyàn dúdú. Inú mi kì í dùn tán tí mo bá ka ibi yìí. Àfi ìgbà tí iná jó kí àpò tó ṣí. Àpò náà ò sì pẹ́ ní ṣíṣí, torí pé nígbà tó di ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹta 1986, ìjọba Thatcher tú GLC ká pátápátá.

Kí GLC tó kógbá wọlé, nǹkan kan ti ń lọ lábẹ́ àwọn afárá rélùwéè tó wà ní Atlantic Road. Ní 1983 ni wọ́n ṣí Brixton Art Gallery síbẹ̀. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ń kọjá lókè, ó dájú pé àwọn tó ń wo àwòrán nísàlẹ̀ á gbọ́ ọ. Ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ Brixton Artists Collective ló ń bójú tó o, ẹgbẹ́ tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ jọ ń dá sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Rótìmí Fani-Káyọ̀dé wà nínú wọn, ibẹ̀ ló sì ti kọ́kọ́ bá àwọn ẹlòmíràn pàtẹ àwòrán ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1986, Monika Baker ṣe ètò ìpàtẹ kan níbẹ̀ tí wọ́n pè ní Reflections of the Black Experience, fọ́tò àwọn èèyàn dúdú láti ọwọ́ àwọn èèyàn dúdú. Ìpàtẹ náà ló jẹ́ kí àwọn onífọ́tò wọ̀nyí rí ara wọn, kí wọ́n sì máa bi ara wọn pé, bí ìpàtẹ bá parí, tí GLC ò sì sí mọ́, ta ni yóò máa bá wa sọ̀rọ̀?

Ní 1988 wọ́n dáhùn ìbéèrè náà fúnra wọn. Àwọn tí wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùdásílẹ̀ ni Rótìmí Fani-Káyọ̀dé, Monika Baker, Sunil Gupta, Merle Van den Bosch, Pratibha Parmar, Ingrid Pollard, Roshini Kempadoo àti Armet Francis. Ẹ dákun, ẹ fara balẹ̀ wo orúkọ yìí dáadáa. Jàmáíkà ni wọ́n bí Armet Francis sí, òun sì ni onífọ́tò dúdú àkọ́kọ́ tó dá pàtẹ àwòrán tirẹ̀ nìkan ní Photographers' Gallery, ní 1983. Guyana ni wọ́n bí Ingrid Pollard sí. New Delhi ni Sunil Gupta ti wá, ó gba Kánádà kọjá kó tó dé Lọ́ńdọ̀nù. Nairobi ni wọ́n bí Pratibha Parmar sí, ìdílé ará Íńdíà ni.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti máa bi mí pé, ará Íńdíà ṣe wá di èèyàn dúdú? Èmi náà bi ara mi. Tí a bá fẹ́ túmọ̀ orúkọ ẹgbẹ́ yìí sí Yorùbá, "Ẹgbẹ́ Àwọn Onífọ́tò Aláwọ̀ Dúdú" ni a máa kọ, kò sì sí Yorùbá kan tó máa pe ará Íńdíà ní aláwọ̀ dúdú. Lójú tiwa, àwọ̀ ni àwọ̀. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín 1970 sí nǹkan bí 1990, ọ̀rọ̀ náà ju àwọ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni tí òyìnbó ti jọba lé bàbá rẹ̀ lórí, tó wá dé Lọ́ńdọ̀nù tí wọn ò fún un ní ilé àti iṣẹ́, lè pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìbáà jẹ́ ọmọ Lahore, ìbáà jẹ́ ọmọ Kingston. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọ̀nyí mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Orúkọ ìjàkadì ni wọ́n fi jẹ. Èrò yẹn ti rẹ̀yìn báyìí, ọ̀pọ̀ ò sì fẹ́ kí wọ́n pe àwọn bẹ́ẹ̀ mọ́, ẹgbẹ́ náà pàápàá kì í sábà pe gbogbo orúkọ rẹ̀ mọ́, Autograph lásán ni wọ́n ń jẹ́.

Ó wá yá, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ alága.

Ìlú Èkó ni wọ́n bí Rótìmí sí ní ọjọ́ ogún oṣù kẹrin 1955. Bàbá rẹ̀ ni Olóyè Rẹ̀mí Fani-Káyọ̀dé, lọ́yà tí àwọn àgbà mọ̀ sí Fani Power, igbákejì Akíntọ́lá nígbà tí Akíntọ́lá jẹ́ olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn. Àbúrò Rótìmí ni Fẹ́mi Fani-Káyọ̀dé tó ṣe mínísítà nígbà ìjọba Ọbásanjọ́, kí ẹ má baà máa ronú lásán. Ará Ifẹ̀ ni ìdílé wọn, ìdílé tí ìtàn wọn so mọ́ ojúbọ òrìṣà níbẹ̀. Ní òru ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìíní 1966 tí àwọn sójà gbàjọba, wọ́n pa Akíntọ́lá ní Ìbàdàn, wọ́n sì mú bàbá Rótìmí lọ sí Èkó, orí ló kó o yọ. Lọ́dún náà ni ìdílé náà sá kúrò nílé, wọ́n sì gúnlẹ̀ sí Brighton, létí òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Rótìmí nígbà náà.

Ó lọ sí Amẹ́ríkà láti kàwé. Ó ka ọrọ̀ ajé àti iṣẹ́ ọnà ní Georgetown ní Washington, ó parí ní 1980, ó tún gba oyè kejì nínú iṣẹ́ ọnà ní Pratt Institute ní Brooklyn ní 1983. Tí ẹ bá mọ ilé wa dáadáa, ẹ ó mọ èwo nínú méjèèjì ni àwọn òbí rẹ̀ máa fẹ́ kó fi jẹun. Ọdún 1983 kan náà ló padà sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì wá ń gbé ní Brixton, ní Railton Road, òpópónà tí ìjà 1981 ti bẹ́. Òpópónà náà kì í ṣe ti ìjà nìkan. Ibẹ̀ ni àwọn Race Today ti ń tẹ ìwé ìròyìn wọn, ibẹ̀ ni àgbà òǹkọ̀wé C.L.R. James lo ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀ sí. Ibẹ̀ náà ni àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin ti gba àwọn ilé tó ṣófo láti nǹkan bí 1974, tí wọ́n tún wọn ṣe, tí wọ́n sì ń gbé inú wọn. Rótìmí jẹ́ ọ̀kan lára irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀. Alex Hirst, òyìnbó kan, ni olólùfẹ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ ń ṣiṣẹ́.

Mo mọ̀ pé ibi yìí ni àwọn kan máa ti fẹ́ pa ìwé dé. Ẹ má tíì pa á dé. Mi ò kọ àpilẹ̀kọ yìí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ tàbí láti dá a láre, ṣùgbọ́n tí mo bá fò ó, irọ́ ni mo pa fún yín, torí pé òun fúnra rẹ̀ ò fi pamọ́. Ní 1988, ọdún tí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ó kọ àròkọ kan tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ Traces of Ecstasy. Níbẹ̀ ló ti ṣàlàyé pé ọ̀nà mẹ́ta ni òun fi jẹ́ ará ìta: nítorí irú ẹni tí òun ń fẹ́, nítorí pé òun ti kúrò nílé àti nínú àṣà ilé, àti nítorí pé òun ò di ọkọ ìyàwó àti oníṣẹ́ ìwé tí àwọn òbí òun lérò pé òun máa dà. Ó tún ṣàlàyé pé ìdí nìyẹn tí òun fi ní òmìnira láti ṣiṣẹ́ bí òun ṣe ń ṣe é.

Iṣẹ́ náà ńkọ́? Mi ò ní purọ́, nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo yí ojú kúrò díẹ̀. Ìhòòhò pọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí mo padà wò ó, ohun tí mo rí ni ilé wa. Fọ́tò kan wà tó ṣe ní 1987 tó fún ní orúkọ Ṣọ̀npọ̀nná. Ọkùnrin kan ni, wọn ò jẹ́ ká rí ojú rẹ̀, àmì tótòtó dúdú àti funfun kún ara rẹ̀, ó sì di àbẹ́là tó ń jó mú. Ẹ̀yin tí ìyá àgbà tọ́ dàgbà mọ̀ pé èèyàn kì í pe orúkọ òrìṣà yẹn lásán, Olóde là ń pè é, ilẹ̀ gbígbóná là ń pe àrùn rẹ̀. Rótìmí pe orúkọ rẹ̀ síta ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí àrùn mìíràn tí àwọn èèyàn ò fẹ́ fẹnu pè, éèdì, ń pa àwọn ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ yíká. Lójú tèmi, kò sí bí òyìnbó tó ń wo fọ́tò yẹn ní 1987 ṣe lè rí ohun tí ìyá àgbà mi máa rí nínú rẹ̀. Ní 1988, ó tún pàtẹ àwòrán ní Hammersmith, ó pè é ní Àbíkú.

Irú ẹni tí wọ́n fi ṣe alága nìyẹn. Lọ́dọ̀ tiwa, tí wọ́n bá pe èèyàn wá ṣe alága níbi ìnáwó, àpò rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Alága máa sọ̀rọ̀ ṣókí, á kó owó sílẹ̀, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Alága Autograph ò lówó. Iṣẹ́ alága nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni pé kó darí ìpàdé, kó jẹ́ ojú ẹgbẹ́ níwájú àwọn tó ń pín owó, kí orúkọ rẹ̀ sì wà lórí ìwé tí nǹkan bá wọ́. Nítorí náà, ohun tó kó sílẹ̀ ni orúkọ rẹ̀. Ẹ sì rántí ọdún tí à ń sọ. Ní oṣù karùn-ún 1988 gan-an ni òfin tí wọ́n ń pè ní Section 28 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tó kà á léèwọ̀ fún àwọn káńsù láti ṣe ohunkóhun tó máa gbé ìfẹ́ ọkùnrin sí ọkùnrin tàbí obìnrin sí obìnrin lárugẹ. Àwọn káńsù sì wà lára àwọn tó ń fún oníṣẹ́ ọnà lówó. Ẹgbẹ́ tó bá lọ́gbọ́n ayé máa wá ẹni tí kò ní bí ẹnikẹ́ni nínú fi ṣe alága, pásítọ̀ tàbí ọ̀jọ̀gbọ́n kan. Àwọn wọ̀nyí ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ tí ilé ìpàtẹ ń bẹ̀rù ni wọ́n gbé síwájú, bí ẹni ń sọ pé tí ẹ bá gba èyí, ẹ ti gba gbogbo wa nìyẹn.

Ọ́fíìsì wọn jẹ́ yàrá kékeré kan ní ilé Bon Marché ní Brixton Road. Ìtàn ilé yẹn fúnra rẹ̀ dùn. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ James Smith ló fi owó tẹ́tẹ́ ẹṣin tó jẹ ní Newmarket kọ́ ọ ní 1877, wọ́n sì máa ń sọ pé òun ni ilé ìtajà ńlá àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n dìídì kọ́ fún irú òwò bẹ́ẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn ní 1975. Nígbà tó fi máa di 1988, ibi tí àwọn ìyáàfin ti ń ra aṣọ tẹ́lẹ̀ ni àwọn ará Delhi, Jàmáíkà àti Ifẹ̀ ti ń kọ lẹ́tà sí àwọn olóòtú ìwé ìròyìn pé, ẹ jọ̀ọ́, onífọ́tò dúdú wà o.

Alága náà ò pẹ́ lórí àga. Rótìmí kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kejìlá 1989. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni. Alex Hirst tẹ̀ lé e ní 1992. Ẹgbẹ́ tí kò tíì pé ọdún méjì dáadáa wá di ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú sí lọ́wọ́. Síbẹ̀, ní 1990, wọ́n ṣe ìpàtẹ wọn àkọ́kọ́, Autoportraits, ní Camerawork ní ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, fọ́tò tí àwọn onífọ́tò ya ara wọn. Ní 1991, Mark Sealy wọlé gẹ́gẹ́ bí olùdarí.

Àwọn tí kò mọ bí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ń rìn máa ń da alága àti olùdarí pọ̀. Ẹ wò ó báyìí. Níbi ìgbéyàwó wa, alága ìdúró wà, alága ìjókòó náà wà. Olùdarí ni alága ìdúró: ó ń gbowó oṣù, òun ló ń rìn, tó ń sọ̀rọ̀, tó ń ṣètò. Alága ìgbìmọ̀ ni ti ìjókòó: òun àtàwọn alábòójútó yòókù kì í gbowó, ṣùgbọ́n lábẹ́ òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àwọn ni ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ wọn, àwọn ló lè gba olùdarí síṣẹ́, àwọn ló sì lè ní kó máa lọ. (Mo mọ̀ pé níbi ìgbéyàwó gidi, ìdílé ìyàwó àti ti ọkọ ni wọ́n ń ṣojú fún, ẹ má bá mi jà.) Bí ti ìdúró àti ti ìjókòó ò bá gbọ́ ara wọn yé, ẹgbẹ́ á tú.

Sealy dúró fún ohun tó ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Ẹni tó wá jókòó sórí àga alága fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn Rótìmí ni Stuart Hall. Ẹ ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí tí ẹ bá ti gba kíláàsì kan lórí ẹ̀kọ́ àṣà. Kingston ni wọ́n bí i sí ní 1932, ó dé Oxford ní 1951, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Open University. Lójú àkọ́kọ́, òun ni òdìkejì Rótìmí: àgbà, ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹni tí ààfin mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìwé Different tí òun àti Sealy jọ kọ ní 2001, lórí àwọn onífọ́tò dúdú. Iṣẹ́ Rótìmí wà níbẹ̀, wọn ò sì bò ó mọ́lẹ̀. Àgbà tó wá gba àga lẹ́yìn ọ̀dọ́ tó kú kò sọ pé ká gbàgbé ti ọ̀dọ́ náà kí ààfin lè gba tiwa.

Hall kan náà ló tún ń ṣe alága Iniva, àjọ mìíràn fún iṣẹ́ ọnà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1994. Àjọ méjèèjì jọ kọ́lé. Ní oṣù kẹwàá 2007 ni wọ́n ṣí Rivington Place ní Shoreditch, David Adjaye ló ya àwòrán ilé náà, owó rẹ̀ tó mílíọ̀nù mẹ́jọ pọ́n-ùn, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ láti inú owó lọ́tìrì tí Arts Council ń pín. Wọ́n ní láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ Hayward ní 1968, kò tíì sí gálárì tuntun kan tí owó ìlú kọ́ láti ìpìlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù àfi ìyẹn. Láti yàrá kan ní Bon Marché dé ibẹ̀, ogún ọdún ò pé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dùn mí níbẹ̀. Shoreditch kì í ṣe Brixton. Odò Thames ló wà láàárín. Àwọn Black Cultural Archives, tí Len Garrison àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1981, dúró ní Brixton, wọ́n fara da ọdún gbọọrọ láìní ilé gidi, kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn tiwọn ní Windrush Square ní 2014. Tí ẹ bá wá sí Brixton lónìí, ẹ ó rí tiwọn lójú ọ̀nà. Ti Autograph, àfi kí ẹnìkan fi Bon Marché hàn yín, kó sọ fún yín. Mi ò mọ̀ bóyá mo lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú sí i. Ẹni tó fẹ́ gbàwí láàfin, ó lè di dandan kó súnmọ́ ààfin. Iniva kó jáde ní 2018, Autograph ṣì wà ní Rivington Place.

Àwọn olùdarí ẹgbẹ́ yìí tún ṣe nǹkan kan tí mo rò pé ó tóbi ju ilé lọ. Wọ́n di olùtọ́jú. Ní 1996, Autograph àti àwọn Revue Noire ti Paris tẹ ìwé fọ́tò Rótìmí àti Alex Hirst jáde. Wọ́n tún wá inú àpótí àtijọ́ fún fọ́tò àwọn èèyàn dúdú tó gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ọkọ̀ Windrush tó gúnlẹ̀ ní 1948. Ní 2016, wọ́n bá National Portrait Gallery pàtẹ irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, èyí tó dàgbà jù nínú wọn jẹ́ ti 1862. Ta la rí níbẹ̀? Àìná, tí òyìnbó ń pè ní Sarah Forbes Bonetta, ọmọ Yorùbá láti Òkè Ọ̀dàn tí àwọn Dahomey kó lẹ́rú, tí Ọba Gezo fi ta ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan lọ́rẹ ní 1850, tó sì di ọmọ ọwọ́ Ọbabìnrin Victoria. Brighton ló ti ṣègbéyàwó ní 1862, ìlú kan náà tí àwọn Fani-Káyọ̀dé sá wá lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé mẹ́rin. Àwọn méjèèjì wá jọ wà lábẹ́ àbójútó ẹgbẹ́ kan náà, ọmọbìnrin tí wọ́n kó kúrò nílé àti ọkùnrin tí ilé ò mọ bó ṣe máa pè é.

Stuart Hall kú ní oṣù kejì 2014. Ní 2022, wọ́n dárúkọ Ingrid Pollard mọ́ àwọn tó lè gba ẹ̀bùn Turner, ní 2024 ó sì gba ẹ̀bùn Hasselblad, èyí tó tóbi jù fún onífọ́tò lágbàáyé lójú ọ̀pọ̀ èèyàn. Ní 2024 náà ni fọ́tò Rótìmí dé Wexner Center ní Columbus, Ohio, ìpàtẹ ńlá àkọ́kọ́ lórí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, Autograph ló bá wọn ṣe é. Nígbà òtútù ọdún yẹn, wọ́n tún kó àwọn fọ́tò tó ṣe nínú sítúdíò rẹ̀ ní Brixton wá sí Rivington Place.

Tí ẹ bá dé Lọ́ńdọ̀nù, tí ẹ sì ti ra ata yín tán ní Peckham, ẹ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Brixton, ẹ wo Bon Marché lókè, ẹ rìn dé Railton Road. Lẹ́yìn náà, ẹ sọdá odò lọ sí Rivington Place, kí ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń pàtẹ. Wọn kì í gbowó lẹ́nu ọ̀nà.